Màmá Tó Ń Di Páráṣúùtì fún Sójà Sátidé

Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn tí a sin Màmá, èmi àti Mọ́mì lọ palẹ̀ yàrá wọn mọ́ ní Levenshulme. A ti rò pé iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni. Wákàtí mẹ́ta péré ni a lò, nítorí kò sí nǹkan kan nínú yàrá náà tí kò sí ní ààyè rẹ̀. Àwọn báàgì ọ̀rá tí wọ́n fi ń ra nǹkan ní Stockport Road wà nínú dúrọ́ọ̀, Màmá ti ká gbogbo wọn ní onígun mẹ́ta, ọ̀kan lórí èkejì. Bẹ́ẹ̀ ni gèlè wọn rí. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn lẹ́tà tó wá láti Ìkirè. Mọ́mì jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n mú ọ̀rá kan, wọ́n tú u, wọ́n gbìyànjú láti ká a padà bó ṣe wà. Kò ṣeé ṣe fún wọn. Nọ́ọ̀sì ni Mọ́mì. Wọn ò sunkún ní ilé ìwòsàn, wọn ò sunkún létí sàréè, àmọ́ ọ̀rá yẹn ló pa wọ́n lẹ́kún.

Mi ò lè kọ ìtàn ayé Màmá, nítorí mi ò mọ̀ ọ́n tán. Mo kàn fẹ́ sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́ kí n tó gbàgbé. Oṣù mẹ́ta nìyí tí wọ́n ti lọ, mo sì ti ń wá bí ohùn wọn ṣe máa ń dún nígbà tí wọ́n bá ń pè mí láti ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, mi ò rí i mú.

Màmá ló bí ìyá mi. Comfort Morẹ́nikẹ́ Adéṣínà ni orúkọ wọn. Télọ̀ ni wọ́n ní Ìkirè kí wọ́n tó tẹ̀lé ọkọ wọn wá sí Manchester, nígbà tí òmìnira Nàìjíríà ṣì jẹ́ tuntun. Ọkọ wọn kàwé tán, ó ríṣẹ́, ó kú, Màmá ò sì padà sílé. Bàbá tèmi náà wá kàwé. Nígbà tó parí, ó padà sílé, ó ní òun máa ránṣẹ́ pè wá. Kò ránṣẹ́. Bí ilé wa ṣe di ilé obìnrin mẹ́ta nìyẹn: Màmá, Mọ́mì, àti èmi Àbẹ̀ní.

Iṣẹ́ tí Màmá fi ogún ọdún ó lé ṣe ni dídi páráṣúùtì, aṣọ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí sójà máa ń gbé pọ̀n, tó máa ń ṣí lókè bí agboòrùn ńlá nígbà tó bá bẹ́ jáde nínú bàálù. Bí ẹni tó dì í bá dì í dáadáa, sójà á bọ́ sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Bí kò bá dì í dáadáa, kò sí àǹfààní láti bẹ̀bẹ̀. Pápá bàálù kékeré kan ní gúúsù ìlú, láàárín oko màlúù, ni wọ́n ti ń ṣe é. Kì í ṣe Manchester Airport tí gbogbo ayé mọ̀. Ọ̀nà bàálù kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ìdílé méjì ló sì jọ ni ín, gẹ́gẹ́ bí Màmá ṣe máa ń sọ. Ìdílé kìíní ni ẹgbẹ́ àwọn aráàlú tó ń fi bàálù kéékèèké ṣe fàájì. Ìdílé kejì ni àwọn ológun àpamọ́, àwọn ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ tiwọn láti Mọ́ńdè dé Fúráìdé, tí wọ́n á wá wọ aṣọ sójà ní òpin ọ̀sẹ̀, kí ìjọba lè rí wọn pè bí ogun bá dé. Tíṣà wà nínú wọn, alápatà wà, ẹni tó ń tún páìpù omi ṣe wà. Sójà Sátidé ni Màmá ń pè wọ́n.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, gbogbo èèyàn gbà pé Airport ni Màmá ti ń gbálẹ̀. Kò yani lẹ́nu. Púpọ̀ nínú àwọn ìyá ìjọ ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, bọ́ọ̀sì kan náà ni wọ́n jọ ń wọ̀ láàárọ̀, wọ́n ń rí Màmá pẹ̀lú báàgì oúnjẹ wọn, ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n léèrè. Ní Sọ́ńdè kan, pásítọ̀ gbàdúrà fún àwọn ìyá tó ń fi ìgbálẹ̀ wá oúnjẹ òòjọ́ nílẹ̀ àjèjì, ó sì dárúkọ Màmá. Màmá ṣe àmín. Mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà, ojú sì tì mí. Bí a ṣe jáde, mo fi Gẹ̀ẹ́sì bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò ṣàlàyé, ṣebí àwọn ni wọ́n ń dá ẹ̀mí àwọn sójà sí. Màmá ń wọ ìbọ̀wọ́ wọn lọ́wọ́, wọn ò wojú mi. Wọ́n ní, "Ṣé ẹni tó ń gbálẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ ni?"

Ìyá òyìnbó kan tó ti ń ṣiṣẹ́ ní pápá yẹn láti ìgbà ogun àgbáyé kejì ló kọ́ Màmá níṣẹ́, òun náà ló sì fi ìtàn ibẹ̀ lé wọn lọ́wọ́. Màmá wá fi lé mi lọ́wọ́ nínú kíṣìnì, bí wọ́n ṣe ń dín dòdò Ìkirè tí kò fìgbà kan jọ ti Ìkirè, nítorí wọ́n ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà lọ́jà Levenshulme kò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ kó dà. Ọkùnrin kan ló ń gbin ọ̀dùnkún sórí ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Ogun dé, ìjọba gbà á, wọ́n tẹ́ ọ̀nà bàálù sórí ọ̀dùnkún tí wọn ò tíì kórè. Wọ́n kọ́ ilé onípáànù gìrìwò fún bàálù. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin wá láti ìlú tí ogun ti kó, wọ́n kọ́ bí a ti ń bẹ́ sílẹ̀ láti òkè, wọ́n lọ, púpọ̀ nínú wọn ò padà. Àwọn obìnrin ló ń di aṣọ fún wọn. Nígbà tí ogun parí, koríko bo ibẹ̀. Ìjọba ò fẹ́ tà á, kò sì fẹ́ máa bọ́ ọ. Ni wọ́n bá fi ìdajì fún àwọn onífàájì kí ọ̀nà bàálù má baà bàjẹ́, wọ́n fi ìdajì sílẹ̀ fún àwọn sójà Sátidé, bóyá ogun mìíràn á dé. Mo bi Màmá pé kí ló dé tí wọn ò kàn tì í pa. Wọ́n ní, "Ilé tí èèyàn ò bá gbé, alángbá ní í gbà á."

Àjọni ò rọrùn. Ilé tíì kan ló wà, kẹ́tùlù kan ló wà nínú rẹ̀, ọ̀nà bàálù kan ló wà lóde. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára pátákó pé àárọ̀ Sátidé jẹ́ ti sójà, ọ̀sán jẹ́ ti àwọn onífàájì. Bí òjò bá wá dá sójà dúró láàárọ̀, tí wọ́n fẹ́ lo ọ̀sán, ìjà dé nìyẹn. Lọ́jọ́ kan Sájẹ́ńtì Hollis, tó jẹ́ ọ̀gá Màmá, àti Mister Tatlow, bàbá arúgbó tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ onífàájì, dúró síwájú pátákó náà, wọ́n ń nàka síra wọn, òjò sì ń pa àwọn méjèèjì. Màmá jáde láti yàrá iṣẹ́ wọn, wọ́n dúró sáàárín. Wọ́n ní, "Òjò lẹ̀ ń bá jà, ẹ ò sì lè borí rẹ̀. Ẹ wá mu tíì."

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé Màmá jẹ́ ẹni tó rọrùn láti bá gbé. Bí Mọ́mì bá ká aṣọ, Màmá á tú u, wọ́n á tún un ká, wọn ò ní sọ nǹkan kan, ìyẹn ló sì ń bí Mọ́mì nínú jù. Wọn kì í gbáni mọ́ra. Bí mo bá gba ipò kìíní ní kíláàsì, wọ́n á bi mí pé ta ló gba ipò kejì, ṣé mo sì kí i. Wọn kì í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọdé. Bí wọ́n bá ṣe ohun tó dùn mí, wọ́n á bó ọsàn, wọ́n á gbé e ka iwájú mi, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Èmi náà ò mọ̀ bí a ti ń bẹ̀bẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti kọ́ ọ. Ìyẹn wà lára ohun tó ń pa mí báyìí.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo dé yàrá tí wọ́n ti ń di páráṣúùtì, lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ mú ẹbí wọn wá. Tábìlì kan wà níbẹ̀ tó gùn bí ọ̀nà àárín ìjókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá tẹ́ aṣọ náà sí i, wọ́n to àwọn okùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ká a, wọ́n sì ń fi àwọn àpò kéékèèké tí òjé wà nínú wọn tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó má baà yọ̀. Àpò òjé mẹ́fà ni wọ́n ní. Bí iṣẹ́ bá parí, mẹ́fà gbọ́dọ̀ pé lórí sẹ́ẹ̀fù ara ògiri, nítorí bí ọ̀kan bá há sínú aṣọ tí a ti dì, ó lè má jẹ́ kí ó ṣí. Mo fẹ́ ran Màmá lọ́wọ́, mo fa aṣọ náà. Wọ́n mú ọwọ́ mi kúrò. Wọ́n ní, "Kà á kí o tó ká a. Bí o bá ká a tán, tún un kà."

Káàdì kékeré kan máa ń wà lára páráṣúùtì kọ̀ọ̀kan, ẹni tó dì í ló ń fọwọ́ sí i. Àwọn yòókù á kọ lẹ́tà méjì, wọ́n á fa ìlà sí i. Màmá máa ń kọ orúkọ wọn ní kíkún, Comfort Morẹ́nikẹ́ Adéṣínà, pẹ̀lú àmì lórí lẹ́tà àti lábẹ́ lẹ́tà. Sájẹ́ńtì Hollis ní kí wọ́n gé e kúrú, Mísísì A ni òun tìkára rẹ̀ ń pè wọ́n. Màmá ní rárá. Wọ́n ní, "Bí aṣọ yìí bá já ẹnìkan kulẹ̀, kí ìyá rẹ̀ mọ ẹni tó máa wá bá."

Mo wá fẹ́ sọ ohun tí Màmá ṣe ní Sátidé kan. Mọ́mì ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi. Sájẹ́ńtì Hollis sọ èyí tó kù lọ́jọ́ ìsìnkú, ó dì mọ́ fìlà rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà. Ní ọ̀sán Fúráìdé, èémí mi há nílé ẹ̀kọ́, ikọ́ asímà tó ń yọ mí lẹ́nu nígbà yẹn. Mọ́mì wà lẹ́nu iṣẹ́, àwọn tíṣà ò rí wọn pè, ni wọ́n bá pe ibi iṣẹ́ Màmá. Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ di páráṣúùtì kẹrìndínlógún tán, èyí tó kẹ́yìn nínú èyí tí wọ́n máa lò lọ́jọ́ kejì. Ìwé kan wà lára ògiri tí wọ́n gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí pé àpò òjé mẹ́fà pé. Wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n gbé báàgì, wọ́n sáré. Wọn ò kà.

Ara mi balẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Lọ́jọ́ kejì Màmá padà síbi iṣẹ́, wọ́n nàgà sí sẹ́ẹ̀fù láti bẹ̀rẹ̀. Márùn-ún ni wọ́n rí. Wọ́n wo abẹ́ tábìlì, wọ́n wo àpò épírọ́ọ̀nù wọn, wọ́n gbá ilẹ̀ yàrá. Márùn-ún ni. Wọ́n gbọ́ ariwo bàálù lóde. Àwọn sójà mẹ́rìndínlógún ti wọ inú rẹ̀, páráṣúùtì Màmá ti wà lẹ́yìn wọn, bàálù sì ti ń rìn lọ sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà. Màmá fi tẹlifóònù pe ọ́fíìsì Hollis, kò sí ẹni tó gbé e. Ni wọ́n bá jáde.

Kì í ṣe pé wọ́n sáré. Sájẹ́ńtì Hollis ní ohun tó ya òun lẹ́nu nìyẹn. Obìnrin tó ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún, tí orúnkún ń dùn, ó ń rìn gba orí koríko lọ, ó tú épírọ́ọ̀nù rẹ̀, ó gbé e sókè pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì dúró sáàárín ọ̀nà bàálù. Bàálù onífàájì kan tí kò dúró de ọ̀sán ti ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ láti òkè nígbà kan náà, nítorí ọ̀nà àjọni ni. Àwọn tó wà nínú ilé ìṣọ́ tó ń darí bàálù kígbe sí i lórí ẹ̀rọ, ó sì gbé imú padà sókè, ó kọjá lórí Màmá. Épírọ́ọ̀nù wọn fò lọ. Wọn ò kúrò. Bàálù sójà náà dúró. Hollis sáré dé ọ̀dọ̀ wọn, ó bi wọ́n bóyá orí wọn pé.

Màmá ní, "Ọ̀kan nínú òjé mi ò sí níbẹ̀. Mi ò mọ ẹ̀yìn ẹni tó wà. Ẹ sọ gbogbo wọn kalẹ̀."

Wọ́n sọ wọ́n kalẹ̀. Wọ́n tú páráṣúùtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún sórí ilẹ̀ ilé onípáànù náà, Màmá fi ọwọ́ wọn wá inú gbogbo rẹ̀, ìdì kan lẹ́yìn èkejì. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Àwọn sójà kan bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Sátidé wọn ti bàjẹ́ lásán. Ọ̀gá pápá ní kí Màmá máa lọ sílé títí wọn yóò fi ránṣẹ́ pè wọ́n. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi jókòó sílé, wọn ò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọjọ́ kìíní tí wọ́n wà nílé, Mọ́mì bi wọ́n bí kò ṣe dùn wọ́n pé wọ́n fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Màmá ní, "Ẹ̀rín ni wọ́n rín. Ṣé o mọ ohun tí ì bá jẹ́?"

Nígbà tó yá, wọ́n rí àpò òjé náà lórí tábìlì Mister Tatlow ní apá kejì pápá. Ó wá yá àlùmọ́gàjí nínú yàrá Màmá lọ́sàn-án Fúráìdé yẹn, lẹ́yìn tí wọ́n ti sáré lọ, atẹ́gùn ń fẹ́ àwọn ìwé rẹ̀, ó rí ohun wúwo kan lórí sẹ́ẹ̀fù, ó mú un lọ tẹ ìwé mọ́lẹ̀. Ó wá sí ilé wa láti bẹ̀bẹ̀. Mo rántí rẹ̀, bàbá gíga kan tó ń sunkún sínú tíì. Ọ̀gá pápá pe Màmá padà. Ó ní kò sí ẹni tó máa dá wọn lẹ́bi pé wọ́n dá bàálù dúró, àmọ́ ìwé ìkìlọ̀ ti wà nínú fáìlì wọn nítorí pé wọ́n fọwọ́ sí ohun tí wọn ò yẹ̀wò. Hollis fẹ́ kí wọ́n ya ìwé náà, ó ní Tatlow ló jẹ̀bi. Màmá gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n dá a padà sínú fáìlì. Wọ́n ní, "Ẹ má ya á. Mo fọwọ́ sí ohun tí mi ò kà."

Wọn ò fìgbà kan sọ fún mi pé nítorí mi ni wọn ò ṣe kà. Mo ti dàgbà kí n tó rò ó pọ̀ fúnra mi.

Tó bá jẹ́ pé mo fi ẹ̀kọ́ yẹn, pé kí a yẹ nǹkan wò kí a tó fọwọ́ sí i, sọ́kàn ni, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ì bá má ṣẹlẹ̀.

Ní gbogbo àwọn ọdún 1980, tí mo bá bi Màmá pé kí ni àwọn sójà yẹn ń ṣe gan-an, wọ́n á ní, "Wọ́n ń múra de ohun tí gbogbo wa ń gbàdúrà kó má dé." Àmọ́ nígbà tí mo wọ yunifásítì ní Salford, ogun Kùwéètì dé, wọ́n sì pe díẹ̀ nínú àwọn ológun àpamọ́ láti oríṣiríṣi ibi. Mẹ́ta lọ láti pápá Màmá. Èmi wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé pátákó kiri ìgboro pé a ò fẹ́ ogun. Mo ti kàwé, mo ti gbọ́ àsọyé, ẹnu mi ti mú. Ní ọ̀sán Sọ́ńdè kan mo wá jẹun nílé. Màmá ní kí a gbàdúrà fún àwọn ọmọ mẹ́ta náà, wọ́n sì dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò dijú. Mo ní, "Màmá, ta ló máa gbàdúrà fún àwọn tí wọ́n lọ pa? Ẹ̀yin lẹ di wọ́n ránṣẹ́. Ọwọ́ yín náà wà níbẹ̀."

Mọ́mì ní kí n dákẹ́. Màmá gbé síbí wọn kalẹ̀. Wọ́n wo ọwọ́ wọn fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá òtítọ́ ni. Wọ́n wá ní, "Èmi ò rán ẹnikẹ́ni lọ, Àbẹ̀ní. Ẹni tó bá já bọ́ ni mò ń gbà mú."

Mo dìde. Mo wọ kóòtù mi, mo jáde láìdágbére. Ó lé ní oṣù mẹ́rin tí mi ò dé Levenshulme. Ogun parí, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà láàyè, Mọ́mì ló sọ ọ́ fún mi lórí tẹlifóònù. Nígbà tí mo padà wá, Màmá ti bó ọsàn sínú àwo, wọ́n gbé e ka iwájú mi. Mo jẹ ẹ́. Èmi ló ṣẹ̀ wọ́n, síbẹ̀ àwọn ni wọ́n bó ọsàn. Mi ò bẹ̀bẹ̀. Mo ní tó bá yá.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ti pápá náà pa. Ogun ńlá tí wọ́n ti ń retí láti ìlà oòrùn Yúróòpù ò sí mọ́, ìjọba ní sójà Sátidé ti pọ̀ jù, wọ́n kó wọn lọ síbòmíràn. Àwọn onífàájì ò lè dá tọ́jú ọ̀nà bàálù, àwọn náà kó lọ, wọ́n sì ta ilẹ̀ náà fún àwọn tó ń kọ́lé. Ìdílé méjèèjì jọ mu tíì lọ́jọ́ ìkẹyìn. Màmá wọ aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí wọ́n délé, Mọ́mì bi wọ́n báwo ló ṣe lọ. Wọ́n bọ́ bàtà wọn, wọ́n jókòó. Wọ́n ní, "Àdúrà wa gbà. Ó sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi."

Lẹ́yìn náà ni rọpárọsẹ̀ dé. Apá òsì wọn rọ, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì kúrò lẹ́nu wọn pátápátá. Ohun gbogbo tí wọ́n ti fi ọgbọ̀n ọdún ó lé sọ pẹ̀lú àwọn ará àdúgbò, pẹ̀lú Hollis, pẹ̀lú awakọ̀ bọ́ọ̀sì, kò sí níbẹ̀ mọ́. Yorùbá ló kù. Àwọn nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ rò pé ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ ni wọ́n ń sọ. Èmi ti ń ṣiṣẹ́ ní London nígbà náà. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ Yorùbá, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni mo máa ń fi dáhùn, Màmá ò sì fìgbà kan fi agbára mú mi. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí a ti ń sọ ọ́, lórí tẹlifóònù pẹ̀lú Mọ́mì ní ìrọ̀lẹ́, bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ọdún kan ààbọ̀ ni mo fi kọ́ ọ. Mọ́mì ló bá mi tún èyí tí ẹ ń kà yìí ṣe.

Mo ní ohun kan tí mo fẹ́ sọ, mi ò sì fẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n kú, mo wà lọ́dọ̀ wọn ní ilé ìwòsàn lọ́sàn-án. Oòrùn wà lójú fèrèsé. Mọ́mì ti lọ mu tíì. Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo di ọwọ́ ọ̀tún wọn mú, mo sì sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ti kọ́ ọ sórí. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí yín nígbà ogun Kùwéètì, kò yẹ kí n sọ ọ́. Ọwọ́ yín mọ́. Mo ti fẹ́ bẹ̀ yín láti ọjọ́ yẹn."

Wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n wò mí tìfẹ́tìfẹ́, bí a ti ń wo ọmọ ẹlòmíràn tó mọ̀wàá hù.

Wọ́n ní, "Dìde, ọmọ mi, ilẹ̀ yìí tutù. O ò ṣẹ̀ mí. Ọmọ ta ni ọ́?"

Mo ní, "Èmi ni, Màmá. Èmi ni Àbẹ̀ní."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n sì mi orí. Wọ́n ní, "Àbẹ̀ní ni ọmọ-ọmọ mi. O jọ ọ́. Ìwé ló ń kà ní Salford, iṣẹ́ pọ̀ fún un, kì í ráyè. Àmọ́ ó ń bọ̀."

Wọ́n rí i pé mò ń sunkún. Wọ́n fa ọwọ́ wọn kúrò lọ́wọ́ mi, wọ́n fi nu ojú mi, wọ́n sì ń tù mí nínú.

"Má sunkún mọ́," ni wọ́n wí. "Mo ní ó ń bọ̀."